Àáró Tí Kò Dé Oko Bàbá Mi

Aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú ni, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá. Aago náà dá mi lójú nítorí pé fóònù mi ni mo ń wò. Mo ń retí èsì ìdánwò iṣẹ́ ìjọba kan tí mo ṣe, kò sì sí rézò fóònù ní oko yẹn àfi tí èèyàn bá gun orí àpáta. Orí àpáta ni mo wà. Nísàlẹ̀, àwọn tí a jọ ń ṣe àáró ti jókòó yí abọ́ ẹ̀wà àti gààrí ká, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú lẹ́yìn òkè, èéfín iná tí wọ́n fi gbé oúnjẹ kaná sì ti wọ aṣọ gbogbo wa. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, sọ fún bàbá mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra máa bu ẹ̀wà yẹn o. Mufánsì ni yín. Ẹ ti jẹ oúnjẹ ìjọba yó kí ẹ tó kúrò nílé."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ó tún bu ṣíbí kan sí i, ó ní, "Ẹ̀yin ọpozáàn, kí lẹ tún mọ̀ ọ́n ṣe ju kí ẹ máa sunkún sórí oúnjẹ olóúnjẹ?" Èmi náà rẹ́rìn-ín lórí àpáta. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo rẹ́rìn-ín, kí ẹ má baà rò pé mo ti rí ohun tó ń bọ̀. Mi ò rí nǹkan kan. Inú mi tilẹ̀ dùn pé àwọn àgbà oko ń fi ọ̀rọ̀ ìṣèlú ṣeré. Mo ní lọ́kàn ara mi pé ilẹ̀ wa ti ń lajú.

Fún ẹni tí kò bá gbé ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí àlàyé ṣíṣe ni àìsàn mi. Ọ̀rọ̀ Faransé ni méjèèjì. Mufánsì ni ẹni tó bá wà lẹ́yìn ìjọba, ọpozáàn ni ẹni tó bá ń takò ó. Nínú rédíò, kò sí èébú nínú wọn. Bàbá mi di mufánsì nítorí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní abúlé wa ní Lèma. Nígbà kan, bí obìnrin bá ń rọbí, ẹ̀yìn alùpùpù ni wọ́n ń gbé e sí lọ sí Dásà, lórí ọ̀nà olókùúta yẹn. Ní báyìí iná wà níbẹ̀, agbẹ̀bí wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni àbúrò mi obìnrin bímọ sí láìsí wàhálà. Ohun tí bàbá mi rí nìyẹn, ó sì tó o. Bàbá Kékeré ní tirẹ̀ di ọpozáàn nítorí ìsọ̀ ìyàwó rẹ̀. Lẹ́bàá títì ọlọ́dà, níbi tí àwọn èrò tó ń lọ gbàdúrà sí ihò àpáta Màríà ní Arigbo máa ń gbà kọjá nínú oṣù kẹjọ, ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ta ẹ̀kọ àti ẹja díndín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà náà, katakata wó ìsọ̀ yẹn mọ́ àwọn àwo inú rẹ̀, nítorí pé obìnrin náà wà ní ọjà Glazoué lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó bá a kó wọn jáde. Ohun tí Bàbá Kékeré rí nìyẹn, ó sì tó òun náà.

Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Mo rántí ìgbà tí wọ́n máa ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú ife ọtí sódábì kékeré láàárín wọn. Ọ̀kan á ní, "Ẹ tiẹ̀ wo agbẹ̀bí yẹn." Èkejì á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ìsọ̀ yẹn náà." Iyàn náà máa ń gùn, ó máa ń sú mi, mo sì máa ń sùn lọ kí wọ́n tó parí rẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí wọ àárín wọn ni iyàn náà kúrú. Ẹnìkan á ní "Mufánsì!", ẹnìkejì á ní "Ọpozáàn!", ó ti parí nìyẹn. Mi ò gbọ́ agbẹ̀bí mọ́, mi ò sì gbọ́ ìsọ̀ mọ́. Nígbà náà mo rò pé ìsinmi ló dé fún wa.

Ilé mẹ́fà ni wá nínú àáró náà. Gbogbo wa á lọ kọ ebè iṣu ní oko ẹnìkan lọ́sẹ̀ yìí, a ó lọ sí ti ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí yóò fi kárí. Ẹni tó ni oko ni yóò se oúnjẹ, oúnjẹ náà kò sì gbọdọ̀ padà wọlé; oko ni a ti ń jẹ ẹ́ tán. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó dàgbà jù ni wọ́n ń ṣe tirẹ̀ kẹ́yìn, nítorí àgbà ló yẹ kó ní sùúrù. Bàbá mi ni ó dàgbà jù. Ìbàdí rẹ̀ ti bàjẹ́ láti ọjọ́ tó ti yọ̀ ṣubú lórí àpáta lẹ́yìn òjò, kò lè bẹ̀rẹ̀ kọ ebè mọ́. Ó kàn máa ń tẹ̀lé wa wá ni, á jókòó sábẹ́ igi, á máa pọ́n ọkọ́ fún gbogbo wa. Èmi, ọmọ rẹ̀ tó kàwé, ni mo ń kọ ebè dípò rẹ̀. Lisáǹsì, ìwé ẹ̀rí yunifásítì, ni mo gbà nínú ìmọ̀ ìṣèlú, ẹ sì lè fojú inú wo irú ebè tí lisáǹsì ń kọ. Bàbá Kékeré máa ń gba ẹ̀yìn mi kọjá, á fi ọwọ́ òsì rẹ̀ tún èyí tó wó ṣe, nítorí ọlọ́wọ́ òsì ni, á sì ní, "Ọmọ mi, iṣu ni a fẹ́ gbìn síbẹ̀ o, kì í ṣe ẹ̀pà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: òjò ti ń lọ. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ òkè yìí, bí òjò bá ti dá, kì í pẹ́ kó tó le tí ọkọ́ yóò fi máa ta padà lórí rẹ̀. Èèbù bàbá mi ti wà nínú abà, ó ti ń hù. Bí a kò bá rí ebè kọ kí ilẹ̀ tó le, èèbù yẹn á jẹrà, kò ní sí iṣu fún ọdún kan gbáko, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn tí bàbá mi mọ̀. Ohun tó rọ̀ mọ́ àáró wa nìyẹn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ìṣèlú pátápátá. Ewúrẹ́ tó bá yọ́ jẹ èèpo iṣu ẹlòmíràn di mufánsì. Ọmọ tó bá ń sunkún tí kò fẹ́ jẹun di ọpozáàn. Ọ̀rẹ́ mi onízẹ́mì, tó ń fi alùpùpù gbé èrò láti abúlé wa lọ sí Dásà, tí òun náà sì wà nínú àáró wa, máa ń gbá ẹ̀ńjìnnì tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ nípàá, á ní, "Ọpozáàn lásánlàsàn!" Àwọn ọmọbìnrin tó ń fa omi níbi ẹ̀rọ omi ń pe ẹni tó bá já síwájú ẹlòmíràn lórí ìlà ní mufánsì. Mo gbọ́ tí ọmọdé kan pe ọmọdé kejì ní ọpozáàn, èkejì sì fi igbe bọnu lọ bá ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìyá bi í pé kí ni wọ́n pè é, tó sọ ọ́, ìyá ní, "Ṣé kò sọ pé olè ni ọ́?" Ọmọ náà ní, "Ó burú ju olè lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló kó ìdààmú bá mi. Mi ò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe ìbẹ̀rù gan-an ló mú mi, kì í sì í ṣe ìbínú. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá rí ẹni tó ń fi ìwé rẹ̀ di ẹ̀pà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ nípa àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, mo mọ ibi tí wọ́n ti wá, mo sì rò pé bí àwọn èèyàn bá mọ ìtumọ̀ wọn gan-an, wọn ò ní fi bú ara wọn mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi gba àyè lábẹ́ igi máńgòrò ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Ìsinmi, tí mo ní kí àwọn èèyàn dúró gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fi gba ìwé ẹ̀rí. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ náà sára páálí ńlá.

Wọ́n dúró lóòótọ́. Ará abúlé wa kì í yájú sí ẹni tó kàwé. Mo sọ fún wọn pé ìjọba kò lè dúró dáadáa láìsí alátakò, pé kò sí ẹ̀gàn nínú wíwà lẹ́yìn ìjọba, pé ẹni tó jẹ́ ọ̀kan lónìí lè di èkejì lọ́la. Mo sọ pé àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọn ò sí ní apá kankan, àárín ni wọ́n wà, sántírì ni wọ́n ń pè wọ́n lédè Faransé. Mo sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi lé òjìji igi máńgòrò kúrò lórí àwọn tó jókòó níwájú. Nígbà tí mo dákẹ́, ọ̀rẹ́ mi onízẹ́mì nawọ́.

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ rẹ dára. Ìwọ ńkọ́? Èwo ni ìwọ nínú méjèèjì?"

Mo ní, "Èmi ò sí nínú ọ̀kankan."

"Ẹ gbọ́ ọ o! Bàbá rẹ̀ mufánsì, bàbá rẹ̀ kékeré ọpozáàn, òun ò mọ ilé tó ti máa jẹun."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ni."

"Ó ń gbé e yẹ̀ wò! Kí lo pe orúkọ ẹni tó wà láàárín yẹn? Sántírì?" Ó yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ kí Sántírì o!"

Wọ́n kí mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹ́ Sántírì. Abọ́ tí kò ní ìdérí, sántírì. Ajá tó ń tẹ̀lé ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan, sántírì. Ohun tí mo mú lọ fún wọn láti fi tu èébú méjì ká, wọ́n fi ṣe ẹ̀kẹta. Kí n má parọ́, orúkọ náà dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé kò dùn mí, mo tún ń sọ ìdí tí kò fi yẹ kó dùn mí, nígbà tí mo bá fi sọ ìdí náà tán, ó ti dùn mí dé egungun. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtumọ̀. Bí wọ́n bá pè ọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn ò ní gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu rẹ mọ́.

A ṣe àáró dé oko karùn-ún. Ti bàbá mi ló kù. Ní ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, èmi àti bàbá mi lọ kí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi àti àbúrò rẹ̀. Inú agbo ilé kan náà ni Bàbá Kékeré àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Ìyàwó Bàbá Kékeré, tí à ń pè ní Ìyá Kékeré, jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń sẹ́ ògì. Láti ìgbà tí wọ́n ti wó ìsọ̀ rẹ̀, ilé ló ti ń ta ẹ̀kọ, àwọn tó bá fẹ́ a máa rán ọmọ wá sọ fún un ṣáájú. Bàbá mi ní kó fún òun ní ẹ̀kọ méjì. Ó dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ má bínú, Bàbá. Èyí tó wà nílẹ̀ ti ní olówó. Tí ẹ bá dúró díẹ̀, màá ro tuntun."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀rín ló rín. Ó ní, "Ọpozáàn! Ẹ̀yin ò kúkú mọ̀ ju kí ẹ máa kọ nǹkan fún èèyàn lọ."

Ìyá Kékeré gbé asẹ́ kalẹ̀, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú omi ògì, ó dìde, ó sì wọlé. Gbogbo wa gbọ́ bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé. Bàbá Kékeré, tó ń hun okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, gbójú sókè.

"Ìyàwó mi lo pè bẹ́ẹ̀?"

Ó ní "lo". Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò gbọ́ ọ rí kí Bàbá Kékeré bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìlo "ẹ". Ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan ṣí fìlà kúrò lórí bàbá mi láàárín ọjà.

Bàbá mi ní, "Eré ni mo ń ṣe."

"Eré? Wọ́n wó ìsọ̀ lé gbogbo àwo rẹ̀ lórí, ìwọ ń fi ṣeré? Mufánsì! Mufánsì paraku!"

Bí bàbá mi bá ti bẹ Ìyá Kékeré nígbà yẹn, bóyá ǹ bá má kọ ìwé yìí. Ṣùgbọ́n "ìwọ" yẹn ti wọ̀ ọ́ lára. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara rẹ̀ sókè, ó ní, "Ọpozáàn ni yín lóòótọ́, tọkọtaya."

Ìyá Àgbà jáde pẹ̀lú ìdì aṣọ lọ́wọ́. Kò pariwo. Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, tí orí wọn ti funfun, ó ní, "Orúkọ tí mo sọ yín ńkọ́? Ta ló gbà á lọ́wọ́ yín?" Èmi àti bàbá mi wá sílé. Ó yẹ kí n bá a sọ̀rọ̀ lọ́nà. Gbólóhùn mẹ́wàá ni mo tò sínú, wọ́n dára gan-an, mi ò sì sọ ọ̀kankan síta.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyá mi ti jí kí àkùkọ tó kọ. Ó se ẹ̀wà, ó se iṣu, ó din ata pẹ̀lú ẹja tí ó ti ń fi pamọ́ fún ọjọ́ náà. A gbé ìkòkò lọ sí oko. Bàbá mi jókòó sábẹ́ igi, ó kó òkúta ìpọ́nkọ́ síwájú rẹ̀ bó ti máa ń ṣe, ó sì ń wo ọ̀nà. Oòrùn yọ. Oòrùn gòkè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè ní tèmi, mo sì ń fetí sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ èèyàn. Ẹyẹ nìkan ló ń fò. Nígbà tó yá, bàbá mi pọ́n ọkọ́ tèmi, ó tún un pọ́n, ó tún un pọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Kò sí ọkọ́ mìíràn níbẹ̀.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀sán kí ìyá mi tó ní kí n gbé oúnjẹ náà. Ó ní kò gbọdọ̀ padà wọlé, kí n pín in dé ilé gbogbo àwọn tí kò wá. Mi ò fẹ́ lọ. Ojú ń tì mí bí ẹni tó fẹ́ lọ tọrọ nǹkan, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo fẹ́ lọ fúnni. Ní ilé àkọ́kọ́ wọ́n ní orí ń fọ́ baálé. Ní ilé kejì wọ́n ní ó lọ sí Dásà, mo sì rí bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ mi onízẹ́mì nìkan ló sọ òótọ́ fún mi. Ó fà mí lọ sẹ́yìn ilé, ó gba abọ́ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ lórí ìdúró.

Ó ní, "Sántírì, má bínú. Gbogbo abúlé ti gbọ́ ìjà bàbá rẹ àti àbúrò rẹ̀. Tí mo bá lọ, wọ́n á ní mo ti di mufánsì. Àwọn tí mò ń gbé lórí alùpùpù, ìdajì wọn ọpozáàn ni."

"Ebè iṣu ni a pè ọ́ sí, a ò pè ọ́ sí ìbò."

"Mo mọ̀. Ìwọ lo kàwé, sọ fún wọn." Ó gbé ẹja mì. "Ọwọ́ ìyá rẹ dùn o. Má sọ pé mo jẹ ẹ́."

Ilé Bàbá Kékeré ni mo lọ kẹ́yìn. Ìyá Kékeré ló jáde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́, ó bò ó, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ oko." Kò bi mí ní nǹkan kan. Mo gbọ́ tí ẹnìkan wúkọ́ nínú yàrá. Mo dúró díẹ̀, mo ń retí kí ikọ́ náà di ọ̀rọ̀. Kò di ọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ó rẹ̀ mí jù láyé mi. Èmi nìkan ni mò ń lọ sí oko. Bàbá mi fẹ́ jókòó sílẹ̀ kọ ebè, ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fi ìdí wọ́ láti ebè kan dé èkejì, mo sì yí ojú mi padà nítorí pé mi ò lè wò ó. Ọwọ́ mi bó. Ilẹ̀ ti ń gbẹ láti òkè wá. Mo ṣírò rẹ̀ pé bí mo bá ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìdajì oko péré ni màá kọ kí ilẹ̀ tó le. Mo ronú láti kọ nǹkan sí Wásáàpù abúlé, mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ ti sú mi. Mo ń wo òkè, mo ń wo títì lókèèrè, mo sì ń rò pé bóyá kí n padà sí Kútọnu lọ máa wá iṣẹ́ níbi tí kò sí ẹni tó mọ orúkọ bàbá mi.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ kejì, mo dé oko mo rí i pé ẹnìkan ti wá ṣáájú mi. Ìlà ebè tuntun kan ti wà lápá ìsàlẹ̀, wọ́n tóbi, wọ́n ga, ilẹ̀ wọn ṣì tutù. Mo rò pé mo ṣì oko wọ̀. Mo sáré padà lọ mú bàbá mi wá. Ó fi ọ̀pá rìn yí ebè àkọ́kọ́ ká, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ bó ṣe lè bẹ̀rẹ̀ mọ, ó ń wo ipa ọkọ́ lára ilẹ̀ náà. Gbogbo ipa ọkọ́ yẹn ló gba apá òsì wá. Ní gbogbo Lèma, èèyàn kan ṣoṣo ni a mọ̀ tó ń kọ ebè bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi jókòó sábẹ́ igi rẹ̀, ó pẹ́ kó tó dìde. Ní ìrọ̀lẹ́ ó ní kí ìyá mi di oúnjẹ, ó ní kí n gbé e lọ sábẹ́ igi ní oko, kí n bò ó, kí n sì máa bọ̀ wálé. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lówùúrọ̀, abọ́ náà ti ṣófo, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ìlà ebè mìíràn sì ti wà. Bó ti ń rí nìyẹn títí di ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ipa ọkọ́ mìíràn. Ẹni tí orí ń fọ́ wá. Ẹni tó lọ sí Dásà wá. Ọ̀rẹ́ mi onízẹ́mì wá, mo mọ̀ nítorí ipa táyà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà oko. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wá, ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i pé òun àti ẹnì kan jọ wá. Mo rò pé oko bàbá mi nìkan ni wọ́n ti ṣe àáró láyé yìí láìjẹ́ pé ẹni méjì pàdé níbẹ̀. A rí èèbù gbìn kí ilẹ̀ tó le pátápátá. Apá kan kékeré ló kù, òun ni a fi sílẹ̀ fún ẹ̀pà.

Mo rò pé ó ti parí. Èmi tí mo ń rò pé ohun gbogbo lè parí bí ẹ̀kọ́ ìwé, mo jókòó nílé, mo ń retí kí Bàbá Kékeré wá kí bàbá mi, tàbí kí bàbá mi lọ kí i. Kò sí ẹni tó lọ. Ìbò dé, ìbò kọjá, wọ́n já àwọn àwòrán kúrò lára ògiri, àwọn ọmọdé sì rí èébú mìíràn bú ara wọn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ti ń kú lẹ́nu àwọn èèyàn. Àárín bàbá mi àti àbúrò rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti rí ilé sí. Bí wọ́n bá pàdé ní Mísà, wọ́n á kí ara wọn ní ìkíni tí èèyàn ń kí àlejò. Bàbá Kékeré ti padà sí "ẹ". "Ẹ káàárọ̀," á ní, á sì kọjá. "Ẹ" yẹn wá burú ju "ìwọ" ọjọ́sí lọ, nítorí pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Oṣù keje ni a wà báyìí tí mo ń kọ èyí. Iṣu ti ta dáadáa. Ó rẹ̀ mí, ẹ má bínú, ó rẹ̀ mí bí ẹni tó ti ń gbé ẹrù fún àwọn tí kò bẹ̀ ẹ́. Mo ti wá mọ̀ pé ebè nìkan ni Bàbá Kékeré wá kọ, torí pé a ti bá a kọ tirẹ̀, kò sì fẹ́ jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àáró. Kò wá forí jì ẹnikẹ́ni. Mo sì ti wá mọ̀ pé gbogbo ọgbọ́n tí mo ń dá láti ìgbà yẹn, láàárín ọkùnrin méjì ni mo ń dá a. Ẹni tí wọ́n pè ní ọpozáàn lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀, tí ó fọ ọwọ́ rẹ̀ wọlé, kò sí ẹni tó bi í bó ṣe rí lára rẹ̀ títí di òní. Èmi náà, tí mo ṣàlàyé ohun gbogbo fún gbogbo ayé lábẹ́ igi máńgòrò, mi ò bi í.

Ní agbo ilé wa, iṣu tuntun tó kọ́kọ́ jáde ní oko àgbà ni wọ́n ń gbé lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà. Yóò sè é, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì yóò sì jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan kí ẹnikẹ́ni tó fi iṣu tuntun kan ẹnu. Ìyá Àgbà ti ránṣẹ́ pé òun kò ní gbé abọ́ kankan kalẹ̀ fún ẹni méjì tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lánàá ni bàbá mi lọ fi ọ̀pá wú iṣu kan lára ebè ìsàlẹ̀, ní ìlà àkọ́kọ́ tí mo bá lọ́jọ́ yẹn. Ó fi ewé dì í, ó gbé e fún mi. Ó ní, "Gbé e lọ fún Ìyá Kékeré rẹ. Má sọ pé èmi ni mo rán ọ."

Iṣu náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi bí mo ti ń kọ̀wé yìí, ilẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Mo mọ Ìyá Kékeré. Yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, yóò sì bi mí lọ́tẹ̀ yìí pé, "Ta ló rán ọ?" Bí mo bá ní èmi ni, iṣu lásán ni mo gbé wá, abọ́ Ìyá Àgbà yóò sì wà lórí pẹpẹ. Bí mo bá ní bàbá mi ni, mo ti tú àṣírí àgbàlagbà tí ojú ń tì, bóyá kò sì ní fi ohunkóhun rán mi mọ́. Mo tún ń rò ó pé kí n gbé iṣu náà padà fún bàbá mi, kí n sọ fún un pé ẹsẹ̀ tirẹ̀ gan-an ni Ìyá Kékeré ń retí lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n mi ò tíì bá bàbá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ní àgbà méjì tó ń kí ara wọn bí àlejò nínú ilé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí ó bá gba iṣu náà, tí ó sì bi mí pé ta ló rán mi, kí ni kí n sọ?